Igi Ìdáná Kì Í Sùn Nílẹ̀

Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta,
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú.

Àṣàbí ọmọ mi, àkọ́bí tó gbé ojú mi wáyé,

Mo kí ọ, mo kí Kúnlé ọkọ rẹ, mo sì kí àna mi, Ìyá Kúnlé, tó fi ilé ìdáná rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ẹ kú ọ̀rinrin o. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀fàdà ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, àfi pé tiwa ń rí àpáta ṣàn lé lórí.

Má rò pé mo wá ẹnì kan kó bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi fúnra mi ni mo mú báírò. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lọ sóko, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ìwé mẹ́ta yẹn ṣe láyé, ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé jù mí lọ kò tíì fi tiwọn ṣe é. Mo la igi, mo ta igi, mo fi owó igi kọ́lé, mo fi owó igi rán ọmọ mẹ́rin níwèé, ìwọ lo sì ṣíwájú wọn. Bí àlejò bá wọ Ìjemọ̀ lónìí tó béèrè Bàbá Onígi, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ yóò na ìka sílé mi.

Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ka lẹ́tà náà sí i létí dé ibí yìí, ló bá ní, "Bàbá Àṣàbí, ṣé lẹ́tà lẹ̀ ń kọ sọ́mọ ni, àbí ẹ̀ ń kira yín?"

Mo ní kó máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lè kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́, ta ló fẹ́ dúró dè?

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, o pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ ti lọ sílẹ̀. O ní láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dun Ìyá Kúnlé, tó ní kí o máa bójú tó ibi tí wọ́n ti ń bọ ìrẹsì, o rò ó pé dípò kí ẹ máa ra igi ní ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, kí o ra ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́! Èrò ọmọ onígi nìyẹn. O rà á, o tò ó sẹ́yìn ilé ìdáná bí ògiri, ó ga, ó gún, gbogbo ẹni tó wọ àgbàlá ló ń yìn ọ́. Òjò wá dé. Nígbà tí ẹ fa igi dé ìsàlẹ̀ òkìtì, ẹ bá ikán. Èyí tí ikán kò jẹ, omi ti mu ún yó. Ẹ fi igi tútù yẹn dáná, èéfín gba gbogbo ilé, ó sì wọ inú ìrẹsì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìrẹsì Ọ̀fàdà ní òórùn tirẹ̀, òórùn yẹn làwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rà á, ṣùgbọ́n òórùn èéfín igi tútù kò sí nínú rẹ̀. O ní Ìyá Kúnlé ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà, ó sì wọlé lọ láìsọ nǹkan kan.

"Bàbá," lo wí, "ì bá sàn kí wọ́n bú mi."

Mo mọ̀. Àgbà tó bá bú ọ ṣì fẹ́ kí o mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Èyí tó dákẹ́ ń ro ẹlòmíràn tí òun lè gbé iṣẹ́ náà fún ni. Ìkórè tó ń bọ̀ ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá ilé ìdáná yẹn á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, àbí wọn á kí ọ kú iṣẹ́, wọn á sì ní kí o lọ sinmi. O wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi kan pẹpẹ igi bíi ti ibi tí ẹ ti ń ta igi ní Alábàtà." Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó.

Mo ti rò ó. N kò ní wá.

Má bínú. Ka lẹ́tà yìí dópin ná.

Àṣìṣe tí o ṣe yẹn, àṣìṣe ọmọ orí àpáta ni, mo sì ti ṣe é ṣáájú rẹ. Ṣé o rántí ẹ̀yìnkùlé wa ńbí? Àpáta ni láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí ògiri. Orí rẹ̀ ni ìyá mi ń sá láfún sí, orí rẹ̀ náà ló ń to igi sí. Òjò á rọ̀, omi á ṣàn kọjá lábẹ́ igi, kó tó dìgbà ìrun Àílà, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ. Ikán tó bá fẹ́ gba inú àpáta yọ, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Nítorí náà, àwa tí wọ́n bí sí Ìjemọ̀ dàgbà pẹ̀lú èrò pé ibi tí a bá ti rí àyè nigi lè sùn. A kò mọ̀ pé àpáta ló ń bá wa ṣọ́ ọ.

Nígbà tí mo gba àyè ìtajà igi ní Alábàtà, ọ̀dọ́ ni mí, irun kún orí mi, ẹnu mi sì dùn ju báyìí lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Inú mi dùn sí i, mo ní ilẹ̀ tó rọ̀ báyìí, igi á sùn gbádùn. Mo to igi ayìn síbẹ̀, ayìn tó ń jó tí kì í rú èéfín, òkìtì tó jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ láti ojú títì ń rí i. Mo máa ń dúró síwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí àwọn èèyàn lè rí èmi àti òun pọ̀.

Oníbúrẹ́dì kan wá, ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, pé ọjà mi kò ní àbùkù. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sáàárín òkìtì, ó fa igi kan. Igi náà rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Amọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó fa òmíràn, amọ̀ náà ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni," ló wí, "ṣé igi lò ń tà ni, àbí ilé ikán?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Èmi pàápàá ì bá rẹ́rìn-ín, ká ní kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó sílé, tí mo sì nílò owó. Láti òde, òkìtì yẹn kò yẹ̀ rárá. Ikán jẹ inú rẹ̀ tán, ó fi èèpo sílẹ̀ fún mi kí n máa fi yangàn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí, kí o sì gbà á lọ́wọ́ mi: ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ máa wò. Àwọn tó ń yìn ọ́, òkè ni wọ́n ń wò. Nínú ilé ọkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Bí gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ, dákun, bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìkejì. Mo ní kò burú, màá gbé igi kúrò nílẹ̀. Mo lọ gé ìyeyè tútù nítorí pé ó rọrùn láti gé, ó sì tọ́. Mo rì í mọ́lẹ̀ fún ẹsẹ̀, mo fi igi dábùú rẹ̀, mo to igi lé e. Mo pe èèyàn wá wò ó. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọgbọ́n, wọ́n kí mi. Àṣàbí, kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí pẹpẹ mi fi yọ ewé. Ìyeyè kì í kú bọ̀rọ̀! Ó yọ ẹ̀ka, ó ń ga, ó ń ti ìdábùú lọ sí apá ibi tó wù ú, títí pẹpẹ fi wọ́, tí igi sì ya lulẹ̀. Sálíù tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń nahùn sí mi:

"Onígi, ẹ kú oko o! Ìgbà wo la máa kórè pẹpẹ?"

Mo dá a lóhùn pé bó bá so, n kò ní fún un jẹ. Gbọ́ o, mo fi ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀. Igi ńlá ló dà báyìí. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Ta ló gbìn ín? Èmi ni. Àṣìṣe tèmi pàápàá ń ṣe ìbòòji fáyé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀: má fi nǹkan tútù ṣe ẹsẹ̀ ohunkóhun. Igi tíìkì ni kí o wá, èyí tó ti gbẹ. Wọ́n ń gbìn ín káàkiri Ọ̀fàdà, ẹ ó rí èyí tí wọ́n gé kù lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í gbé òrùlé. Fi iná ra ìdí rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi dúdú, kí ó má baà rọrùn fún ikán láti jẹ. Bákan náà, má fi ìbínú tútù dá ẹnikẹ́ni lóhùn nílé yẹn. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbẹ kí o tó fi gbé nǹkan dúró.

Nígbà tí mo wá rí tíìkì, mo tún kan pẹpẹ ti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ògiri lè bá mi dì í mú. Ikán kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ pẹpẹ mọ́. Ara ògiri ni wọ́n gbà gòkè, wọ́n sọdá sórí igi mi bí ẹni ń sọdá afárá. Nítorí náà, pẹpẹ rẹ kò gbọ́dọ̀ fara ti nǹkan kan. Jẹ́ kí o lè rìn yí i ká. Kí ó dá dúró.

Wàyí o, ìyá rẹ ní bí n kò bá kọ èyí tó kàn yìí bó ṣe rí gan-an, òun yóò gba báírò. Lọ́jọ́ tí mo jókòó sí Alábàtà tí mo ń wo ibi tí ikán sọdá, òun ló gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó yí pẹpẹ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yin, ṣebí àpáta ló ń bá yín ṣọ́ igi nílé? Bí ilẹ̀ ibí kò bá ní àpáta, kí ló dé tí ẹ ò gbé òkúta wá bá a?"

Mo ní kí ló mọ̀ nípa igi. Nígbà tó lọ tán, mo dìde, mo lọ ṣa òkúta pẹrẹsẹ, mo gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ikán kò jẹ igi Bàbá Onígi mọ́. Òótọ́ ni pé òun ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé òkúta.

Ẹ̀rín ló ń rín báyìí. Ó ti da ẹ̀wà sílẹ̀.

Bí o ó ṣe kan tìrẹ nìyí. Wá ẹsẹ̀ mẹ́fà, àwọn tí orí wọn pín sí méjì, kí ìdábùú lè jókòó sínú rẹ̀ láìsí ìṣó. Gíga rẹ̀ kó dé orúnkún rẹ, kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Má rì í mọ́lẹ̀, orí òkúta ni kí ẹsẹ̀ wà. Kí ó má baà mì, fi igi méjì há àárín ẹsẹ̀, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn, bí ẹni tó ká ọwọ́ méjèèjì léra. To igi pẹlẹbẹ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n má tò ó pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ọwọ́ rẹ lè wọ àárín, nítorí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ló ń gbẹ igi ju oòrùn òkè lọ. Má jẹ́ kí Kúnlé pe káfíńtà. Káfíńtà á gbé pákó dídán wá, á kàn án bíi tábìlì ìgbàlejò, á sì gba owó tábìlì. Sọ fún ọkọ rẹ pé kó di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Èèyàn méjì kì í di ìdábùú mú kí wọ́n má bára wọn sọ̀rọ̀. Bí èmi àti ìyá rẹ ṣe ń parí ìjà nìyẹn, ẹnì kan á di apá kan mú, á béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé, "Ṣé ó ti gún?"

Bí o bá ń to igi, kí èyí tó tóbi wà nísàlẹ̀. Tò ó kí ojú tí wọ́n là kọjú sí atẹ́gùn, kí ìlà òkè pátápátá dojú dé, kí èèpo rẹ̀ gba òjò. Tapólì, orí nìkan ni kí o fi bò. Bí o bá fi wé gbogbo ara rẹ̀ bí ọmọ tuntun, inú rẹ̀ á hu olú. Igi tó pẹ́ jù ni kó kọ́kọ́ wọ iná. Bí ẹ bá ti ń gbálẹ̀ láàárọ̀, gba abẹ́ pẹpẹ náà, kí o sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń gòkè. Bí o bá rí i, fi ìgbálẹ̀ nù ún kúrò lọ́jọ́ náà. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ikán kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí, o ti rí i rí. Nígbà tí ẹ bá gba ọlidé, ẹ máa ń wá sí Alábàtà, ìwọ a gun orí pẹpẹ, wàá máa jẹ gúgúrú, wàá máa sọ fún àwọn ọmọ Sálíù pé, "Bàbá mi ló ṣe é!" Orí rẹ̀ lo mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń fi hàn ọ́ lónìí.

Ó wá ku ibi tí o máa gbé e kalẹ̀ sí, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí o tó gé igi kankan, lọ kúnlẹ̀ kí Ìyá Kúnlé láàárọ̀. Má ṣàlàyé, má sunkún, má bẹ̀bẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Bi wọ́n léèrè nǹkan kan ṣoṣo: "Màámi, bí òjò bá rọ̀ gan-an, níbo lomi máa ń gbà kọjá nínú àgbàlá yìí?"

Wàá rí i. Ẹni tó dákẹ́ yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n á dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, wọ́n á mú ọ jáde, wọ́n á sì na ọwọ́: ibí ni, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ti gbé ilé yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun bíi tìrẹ. Èmi tí mo mọ pẹpẹ jù ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, n kò mọ ibi tí omi ń gbà nínú àgbàlá wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ní, "Gbé e síbí," ibẹ̀ gan-an ni kí o gbé e sí, kódà bí ojú rẹ bá rí ibòmíràn tó dára jù ú lọ.

Ìdí tí n kò fi ní wá nìyẹn. Ara ń ta mí láti wá o! Mo ti mú àáké sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ Jímọ̀, ìyá rẹ ló gbà á. Mo mọ bí yóò ṣe rí. N ó kan pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí ní Ọ̀fàdà. Wọn á pé jọ, wọn á yìn mí, mo sì fẹ́ràn ìyìn, n kò ní purọ́ fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n títí ayé, wọn á máa wí pé bàbá ìyàwó ló wá tún ilé ìdáná wọn ṣe. Èmi á gba ìyìn, ìwọ á di àlejò nínú ilé tí wọ́n gbé ọ wá. Ìyìn yẹn ti wọ́n jù fún mi.

Mo fi òkúta mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ṣà wọ́n, níbi tí àpáta ti ń ṣí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, níbi tí ìyá mi ń to igi sí gan-an. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe ààrò. Ẹsẹ̀ pẹpẹ ni wọ́n wà fún. O kúrò lórí àpáta lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti gbé e tọ̀ ọ́ wá.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí iná rẹ máa jó láìrú èéfín. Kí ẹ̀yìn Ìyá Kúnlé san. Kí ìrẹsì rẹ dùn lẹ́nu ẹni tó rà á.

Bí ẹ bá kórè, tí ẹ bọ ìrẹsì tuntun, tí Ìyá Kúnlé ṣí ìdérí, tó gbóòórùn rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀, pè mí. Ọjọ́ yẹn ni n ó wá. N ó wọ agbádá mi tó tóbi jù lọ, n ó jókòó sórí pẹpẹ rẹ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara mi, n ó sì mì tìtì lórí rẹ̀ kí n wò ó bóyá yóò mì. Àwọn èèyàn á pé jọ, mo mọ̀ wọ́n. Wọn á ní, "Bàbá Onígi, a gbọ́ òkìkí yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ kan pẹpẹ yìí?"

Àṣàbí, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, bí wọ́n bá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn, ìdáhùn kan ni mo mọ̀, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, n ó gbá àyà mi, n ó gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, n ó sì sọ ohun tí ẹnu mi kò sọ rí:

"Èmi kọ́ o."

Bàbá rẹ,
Onígi Ìjemọ̀.